Ta Ló Máa Lò Ó Lọ́la?

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe jẹun, àmọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń dúró nídìí tábìlì gígùn kan níbi tí ẹgbẹ́ aláàánú kan ti ń gba aṣọ àti ẹrù ilé lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ohun tí à ń ṣe kò ju pé kí á tú àpò, kí á wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí á sì yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àpò tí mo kọ́kọ́ tú, táwẹ́ẹ̀lì tútù ló wà lókè pátápátá. Ó ti bu. Omi rẹ̀ ti ṣàn dé ara ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́fà tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì ká lẹ́sẹẹsẹ sábẹ́ rẹ̀. Ọkàn rere ni ẹni náà fi kó wọn wá, ó tilẹ̀ so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọrùn àpò náà. Gbogbo rẹ̀ la dà nù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. Tí nǹkan bá ti sú mi nílé, n kì í bi ara mi pé níbo ni kí n kó o dà sí. Ibi tí à ń kó nǹkan dà sí, ààtàn ni. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ta ló máa lò ó lọ́la? Bí mo bá lè rí ojú ẹni náà lọ́kàn mi, mo ti mọ ibi tí ẹrù náà ń lọ. Bí n kò bá rí i, iṣẹ́ ṣì kù nìyẹn.

Ẹ gbé aṣọ lọ sójú fèrèsé

Iná alẹ́ máa ń parọ́. Ọ̀sán ni kí ẹ mú aṣọ lọ sójú fèrèsé, kí ẹ nà án sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tó ti fẹ́lẹ́ á hàn. Ẹ wo abíyá, ẹ wo ọrùn, ẹ wo orúnkún ṣòkòtò àti ibi tí à ń fi jókòó; ibẹ̀ ni aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ fa sípù sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbóòórùn rẹ̀, torí pé ẹni tó ni aṣọ kì í gbọ́ òórùn tó ti bá a gbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún méje.

Ẹ ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò ara aṣọ náà. Nídìí tábìlì wa, a rí kọ́kọ́rọ́ ilé, a rí lẹ́tà ìfẹ́, a rí eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi aṣọ ìnujú wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tọ́jú eyín yẹn de ẹni tó ni ín. Kò wá.

Ọ̀nà mẹ́ta péré ni mo máa ń pín aṣọ sí: èyí tí mo lè fún ọ̀rẹ́ mi láìtijú, èyí tí abẹ́rẹ́ àti òwú lè tún ṣe, àti àkísà. Àwọn kan á ní ìkẹrin wà, ìyẹn "bóyá." Àpò "bóyá" tèmi lo ọdún méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì wa kì í mọ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo tó já ti tó láti sọ kóòtù gidi di àkísà. Níbi tí wọ́n ti ń tú ọgọ́rùn-ún àpò láàárín àárọ̀ kan, kò sẹ́ni tó máa jókòó wá bọ́tìnì tó bá a mu. Nítorí náà, ẹ rán an kó tó kúrò nílé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ọwọ́ yín kò bá gbà á, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ nílò aṣọ tó lè bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìsí ẹni tó máa jágbe mọ́ ọn. Kọ́tìnì àtijọ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, sípù tó ṣì dáa lára ṣòkòtò tó ya, kò sí èyí tí wọn ò ní lò. Orí kọ́tìnì ọlọ́dòdó kan ni èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ọrùn.

Àkísà pàápàá ní ẹni tó ń wá a. Àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń kun ilé máa ń lo àkísà òwú. Wọn ò fẹ́ràn ti pólísítà, torí kì í fa omi tàbí òróró mu dáadáa. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá àti ológbò tí kò nílé máa ń gba táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ìrọ̀rí, torí ajá á fà á ya, á sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ mì. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ.

Ọwọ́ tó sún mọ́ yín jù

Ọ̀nà tó kúrú jù ni pé kí ẹ fún ẹni tí ẹ mọ̀. Òun náà ló rọrùn jù láti ṣì rìn.

Nígbà kan, mo di aṣọ ọmọ mi jọ, mo gbé e lọ fún ìyá kan ládùúgbò tó ní ọmọ mẹ́ta. Lójú àwọn ọmọ náà ni mo ti sọ pé, "Ẹ gbà, kí àwọn ọmọ yìí náà lè rí nǹkan wọ̀." Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́ tán, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí àpò náà lẹ́yìn ilé wọn. Bí mo ṣe dì í gan-an ló ṣe wà, òjò ti pa á. Ọjọ́ méjì ni inú fi bí mi kí ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ tó padà wọ̀ mí létí. Mo ti pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní oníhòòhò.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ wọ̀nyí ti kéré mọ́ ọmọ mi lára, ó sì ń dùn mí láti jù wọ́n nù. Ṣé ẹ lè bá mi wá ẹni tó máa lò ó?" Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ á ní, "Ẹ gbé e wá kí n wò ó." Ẹni tí kò bá fẹ́ á dárúkọ ẹlòmíràn, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń tọrọ, òun ló ń ṣe mí lóore. Ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á. Bó bá mú méjì nínú ogún, ẹ má ti ìyókù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín náà: lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí aṣọ wọn lọ́rùn ọmọ ẹlòmíràn, kí wọ́n má pariwo pé "aṣọ mi nìyẹn!"

Bí ẹ kò bá mọ ẹnì kankan, àwọn àjèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá ohun tó sú yín gan-an. Ní 2003, Deron Beal dá ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Freecycle sílẹ̀ nílùú Tucson ní Amẹ́ríkà, kí ohun tó ṣì wúlò má bàa máa bọ́ sí ààtàn. Ní 2013, Rebecca Rockefeller àti Liesl Clark dá ẹgbẹ́ Buy Nothing sílẹ̀ ní Bainbridge Island, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ti wọn dá lórí kí àwọn aládùúgbò máa fún ara wọn ní nǹkan, kí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ mọra. Owó kì í wọ̀ ọ́ níbi méjèèjì. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórí Facebook àti WhatsApp.

Bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "àga wà nílẹ̀, ta ló fẹ́?", ogójì èèyàn ló máa dáhùn, ẹnì kan ò sì ní wá. Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́: "Àga onígi kan, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń mì, ó fẹ́ ìṣó. Ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé ni kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá gbé e." Ibi tó bà jẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ya ní fọ́tò. N kì í fún ẹni tó yára dáhùn jù. Mo máa ń retí títí dọjọ́ kejì, màá wá fún ẹni tó dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí tó máa wá. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ẹnu ọ̀nà sì ni kí ẹ ti gbé ẹrù náà lé e lọ́wọ́. Bó bá lọ tà á ńkọ́? Àwọn kan máa ń ṣàìsùn lórí ìyẹn. Ní tèmi, ẹni tó rà á náà á jókòó lé e.

Ẹ má bínú pé wọ́n ń tà á

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú kì í fi ẹrù tí ẹ kó wá tọrẹ. Wọ́n máa ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí obìnrin kan tó fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ bí nǹkan náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nílùú Boston ní 1902, Edgar Helms, tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlòkù aṣọ àti ẹrù ilé lọ́wọ́ àwọn olówó, ó sì gba àwọn tálákà síṣẹ́ láti tún wọn ṣe, kí wọ́n sì tà wọ́n. Iṣẹ́ yẹn ló di Goodwill, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ta àlòkù. Ní ilẹ̀ Faransé, àlùfáà Kátólíìkì kan, Abbé Pierre, dá ẹgbẹ́ Emmaus sílẹ̀ ní 1949 fún àwọn tí kò nílé lórí. Àwọn fúnra wọn ló ń kó ẹrù àlòkù jọ, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń tà á láti fi gbọ́ bùkátà ara wọn. Bí ẹ bá ní ohun tó dáa tó láti tà, bíi aṣọ òde, abọ́ tó pé iye, àwòrán ara ògiri, ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹ́. Owó tí wọ́n máa rí níbẹ̀ lè ṣe ju ohun tí abọ́ mẹ́fà lè ṣe lọ.

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì yìí: kí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín, kí ló sì ti tán? Nídìí tábìlì tiwa, ìgbà gbogbo ni aṣọ obìnrin máa ń pọ̀ jù. Bàtà ọkùnrin kì í tó láé. Ẹ so bàtà méjèèjì pọ̀ o. A ní páálí kan tó kún fún bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹ má sì gbé ẹrù sẹ́nu ọ̀nà wọn lóru nígbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Òjò á pa á, àwọn kan á tú u, ó sì di iṣẹ́ gbígbálẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé.

Fún àwọn ilé tí wọ́n ń gba obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú sí, tàbí àwọn ogunléńdé, tàbí ẹni tí kò nílé, ó yàtọ̀. Ẹni tó máa wọ aṣọ wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó ń rántí kó lọ síbẹ̀ ni pátá, kọ́mú àti ìbọ̀sẹ̀, tuntun ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Àpótí ìrìnàjò àti báàgì tó ní sípù náà wúlò gan-an, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dé pẹ̀lú ẹrù nínú ọ̀rá ìkólẹ̀. Ẹ pín aṣọ ọmọdé ní ọjọ́ orí, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí: "ọdún 4 sí 5, ọmọkùnrin." Ẹ má gbé irú ẹrù yìí lọ sílé ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ wá, ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí wọ́n wà. Ní ti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, ẹ bi alábòójútó wọn léèrè, ẹ má sì ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò nígbà tí ẹ bá ń fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà tí aṣọ máa ń di wàhálà

Bí àjálù bá ṣẹlẹ̀ síbì kan, ọkàn wa á gbé sókè, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ. Ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí ìjì líle Mitch jà ní Honduras ní 1998, lára ohun tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ síbẹ̀ ni kóòtù òtútù, nílẹ̀ olóoru. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé nílùú Newtown ní Amẹ́ríkà ní 2012, ọmọlangidi onírun tó ju 60,000 lọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 27,000 lọ. Ó gba ilé ìkẹ́rùsí, ó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láti ṣà á. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, owó ló yá. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n máa rà. Ẹ fi aṣọ yín sílẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí.

Àpótí ńlá onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńkọ́, èyí tí èèyàn kàn máa ń ju aṣọ sí? A ní ẹni tó bá ní òun máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ ka ohun tó wà lára àpótí náà. Ṣé orúkọ ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀? Ṣé nọ́ńbà tí ẹ lè pè wà? Ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè ló ni àwọn kan, èyí kò burú bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ṣeé tà nítòsí, wọ́n máa ń dì í ní bélì, ìyẹn ẹrù ńlá tí wọ́n fún pọ̀, wọ́n á sì kó o gba orí òkun lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dé ọjà Kantamanto ní Accra, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra bélì láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u tí wọ́n bá táwẹ́ẹ̀lì tó ti bu, àwọn ni wọ́n jẹ gbèsè yẹn, kì í ṣe ẹni tó jù ú sínú àpótí. Ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, òkìtì aṣọ tí kò rí ẹni rà wà lórí yanrìn. Láti oṣù kìíní 2025, àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ máa kó aṣọ tó di ìdọ̀tí lọ́tọ̀ sí ìdọ̀tí yòókù, nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń gba àkísà ti wà ní ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá ń gbé níbẹ̀, ẹ lo ìyẹn fún àkísà. Ẹ má fi àkísà há àárín aṣọ gidi.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ fún ẹnikẹ́ni

Àga ọmọdé tí wọ́n ń dè mọ́ inú mọ́tò ní ọjọ́ tí lílò rẹ̀ ń parí. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí i lábẹ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti kọjá, tàbí bí àga náà bá ti wà nínú mọ́tò tó ní ìjàǹbá, ẹ gé okùn rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má bàa gbé e. Àṣíborí tó ti fara gbá nǹkan lẹ́ẹ̀kan, bákan náà. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa ń lọ sókè sódò ti di èèwọ̀ láti tà ní Amẹ́ríkà láti 2011, torí pé ó ti há àwọn ọmọ mọ́ra, ó sì ti pa wọ́n. Oògùn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ilé ìtajà oògùn ni kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á padà.

Mátírẹ́ẹ̀sì máa ń fa ìjà lọ́kàn mi. Èèyàn máa ń nílò rẹ̀ gan-an, àmọ́ ìdun kan ṣoṣo tó bá wà nínú rẹ̀ á sọ ilé ẹni tó gbà á di ọgbà ìyà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán rẹ̀ yíká, ẹ wá àmì dúdú wínníwínní. Bí ẹ bá rí i, ọ̀rọ̀ ti tán.

Fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́: ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Ọmọdé máa ń kó sínú rẹ̀ ṣeré. Ohun tó mú kí Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1956 pé kí ilẹ̀kùn fíríìjì ṣeé ṣí láti inú nìyẹn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ tàn án níṣojú ẹni tó fẹ́ gbà á.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà gba sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó fọ́tò yín kúrò. Ẹ yọ síìmù àti káàdì. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Google tàbí Apple yín kí ẹ tó nù ún padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, fóònù náà á máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fún, kò sì ní lè lò ó fún ohunkóhun. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí ilé, iná lè sọ nínú ọkọ̀ tó ń kó o. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù iná mànàmáná.

Awò ojú tí ẹ kò lò mọ́, ẹgbẹ́ Lions Club máa ń gbà á. Ní 1925 ni Helen Keller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó fọ́jú tó sì dití, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n di jagunjagun fún àwọn afọ́jú, wọn ò sì tíì jáwọ́ nínú iṣẹ́ ojú láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ kékeré lórí ẹrù ńlá: ẹ wọn ilẹ̀kùn. Mo fún tọkọtaya kan ní sófà, a gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èèyàn mẹ́rin ló dúró tì í nínú oòrùn. Bí ẹ bá tú tábìlì tàbí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó ìdè rẹ̀, ìyẹn bóòtì àti nọ́ọ̀tì, sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi rẹ̀ gan-an. Èyí tí ẹ bá kó sápò ṣòkòtò yín, ilé yín náà ló máa bá yín padà sí.

Nígbà tí mo kó lọ sí ilé tó kéré lọ́dún tó kọjá, gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín ni mo fi ara mi dán wò. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àkọ́kọ́ lọ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kan tó ti ń yá ti ẹlòmíràn lò. Abọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àkísà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kóòtù aláwọ̀ ewé tí màmá mi fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti rán bọ́tìnì rẹ̀, mo ti gbé e sójú fèrèsé, kò sí ibi tó ti fẹ́lẹ́. Ó kúrú lápá, ó sì fẹ̀ léjìká, bí màmá mi ṣe rí. Mo ń wo èjìká àwọn èèyàn lójú ọ̀nà.